Ìtàn Atọ́ka Òdì Nínú Áljẹ́brà

Ìfáárà



Ìbéèrè kékeré kan ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ mi. Bí a bá kọ 2⁻³ sí ojú pátákó, tí a sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé èló ni, ìdáhùn mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan yóò ní −6 ni, nítorí pé wọ́n fi 2 àti −3 ṣe ìsọdipúpọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní −8 ni, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé 2³ jẹ́ 8, wọ́n sì gbé àmì ìyọkúrò tí wọ́n rí lára atọ́ka wá síwájú ìdáhùn. Àwọn díẹ̀ ni yóò sọ pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Ìdáhùn àwọn díẹ̀ yìí ni ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dákẹ́, tàbí kí wọ́n sọ pé bí olùkọ́ ṣe kọ́ àwọn nìyẹn.

Ìdákẹ́ yẹn ni ó mú mi yan àkòrí yìí. Bí a bá wo ìtàn, a óò rí i pé kì í ṣe àwọn ọmọ ilé-ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ atọ́ka òdì ti dá dúró. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń bá iṣẹ́ tí ó ń ṣe pàdé láti ayé àwọn Gíríìkì. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, òfin rẹ̀ ti wà nínú ìwé ní Baghdad. Síbẹ̀ ọdún 1676 ni Isaac Newton ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí òun ṣe ń kọ ọ́ nìyí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kò sí ẹni tí ó ṣàdédé pàṣẹ pé kí atọ́ka òdì jẹ́ ìdá. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà nídìí rẹ̀. Àwọn tí ó gbà kí òfin náà máa ṣiṣẹ́ lọ kọjá ibi tí a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni wọ́n rí i.

Iṣẹ́ tí atọ́ka ń ṣe

Atọ́ka ni nọ́ńbà kékeré tí a máa ń kọ sí èjìká ọ̀tún nọ́ńbà mìíràn. Nọ́ńbà ńlá tí ó wà nísàlẹ̀ ni n ó máa pè ní ìpìlẹ̀. Nígbà tí a bá kọ 2³, ohun tí a ń sọ ni 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, èyí tí í ṣe 8. Orúkọ náà bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, nítorí pé ó ń tọ́ka sí iye ìgbà tí ìpìlẹ̀ fara hàn nínú ìsọdipúpọ̀ náà.

Láti inú ìtumọ̀ yìí ni òfin pàtàkì kan ti jáde wá. Bí a bá fi 2² sọ 2³ di púpọ̀, 2 mẹ́ta àti 2 méjì ni a tò sí ojú kan, gbogbo wọn sì di 2 márùn-ún: 2³ × 2² = 2⁵. Nítorí náà, nígbà tí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, bí a bá ń ṣe ìsọdipúpọ̀, a ó ro àwọn atọ́ka pọ̀. Bí a bá ń pín, a ó yọ atọ́ka kan kúrò nínú èkejì: 2⁵ ÷ 2² = 2³, nítorí pé 32 tí a pín sí ọ̀nà 4 jẹ́ 8.

Ìgbà tí èyí tí a fi ń pín bá ju èyí tí a ń pín lọ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Kí ni 2² ÷ 2⁵? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà àkọ́kọ́ yóò pín 4 sí ọ̀nà 32, yóò sì rí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà òfin yóò yọ 5 kúrò nínú 2, yóò sì rí 2⁻³. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe. Bí òfin náà bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé 2⁻³ àti ìdá kan nínú mẹ́jọ kò lè jẹ́ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bákan náà ni 2³ ÷ 2³: nípa pínpín ó jẹ́ 1, nípa ìyọkúrò ó jẹ́ 2⁰. Ìdí nìyẹn tí 2⁰ fi jẹ́ 1 tí kò fi jẹ́ òdo.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ìtumọ̀ tí a kọ́kọ́ fún atọ́ka ni pé ó ń sọ iye ìgbà tí a kọ ìpìlẹ̀ sílẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè kọ 2 sílẹ̀ ní iye ìgbà tí ó fi mẹ́ta dín sí òdo. Nítorí náà, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ kò tó mọ́. Yálà kí a di ìtumọ̀ náà mú, kí a sì sọ pé 2⁻³ kò ní láárí, tàbí kí a di òfin mú, kí a sì fún 2⁻³ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí òfin fi ààyè gbà. Láàárín yíyàn méjèèjì yìí ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ wà.

Láti Alexandria dé Baghdad

Diophantus, ẹni tí ó gbé ní Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì, kọ ìwé Arithmetica ní èdè Gíríìkì. Nínú rẹ̀ ni ó ti fún iye tí a kò mọ̀ ní orúkọ, tí ó sì tún fún ìlọ́po rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, títí tí ó fi dé ìkẹfà. Lẹ́yìn èyí, ó fún ìdá tí ó dojú kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tí a yọ jáde lára tiwọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń yọ ìdámẹ́ta jáde lára ẹẹ́ta. Ó mọ̀ pé bí a bá fi ọ̀kan sọ ìdá tirẹ̀ di púpọ̀, 1 ni a óò rí. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé orúkọ lásán ni gbogbo wọn. A kò sì lè ro orúkọ pọ̀ bí a ti ń ro nọ́ńbà pọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá, al-Karaji tí ó ṣiṣẹ́ ní Baghdad rí i pé kò yẹ kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà dúró ní ibì kankan. Àwọn ìlọ́po ń lọ láìlópin ní apá kan, àwọn ìdá wọn sì ń lọ láìlópin ní apá kejì.

Ẹni tí ó wá fi nọ́ńbà sí ìdí ọ̀rọ̀ náà ni al-Samaw'al, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò tí a bí ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 1130. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ó kọ al-Bahir, ìwé rẹ̀ lórí áljẹ́brà. Ó ṣe àtẹ kan tí ó fi òdo sí àárín, tí ó sì ka nọ́ńbà lọ sí apá méjèèjì. Lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni ó kọ iye tí ó bá a mu sí. Bí a bá fi 2 ṣe ìpìlẹ̀, báyìí ni àtẹ náà ṣe rí:

3   2   1   0   1   2   3
8   4   2   1   1/2   1/4   1/8

Kò lo àmì ìyọkúrò fún àwọn nọ́ńbà apá kejì. Apá tí nọ́ńbà wà ni ó ń sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ òfin rẹ̀: bí a bá fẹ́ fi iye kan sọ èkejì di púpọ̀, kí a wo bí ọ̀kan ti jìnnà sí 1 tó, kí a sì ka iye ìṣísẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ibi tí èkejì wà. Bí àwọn méjèèjì bá wà ní apá kan náà, kí a máa kà lọ kúrò lọ́dọ̀ 1. Bí wọ́n bá wà ní apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a máa kà bọ̀ síhà ọ̀dọ̀ 1. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò pẹ̀lú 8 àti 1/4. Ìṣísẹ̀ méjì ni 1/4 fi jìnnà sí 1. Bí a bá ti ibi 8 ka ìṣísẹ̀ méjì bọ̀ síhà 1, orí 2 ni a óò dúró sí. 2 gan-an sì ni 8 lọ́nà ìdámẹ́rin.

Kì í ṣe eré ni al-Samaw'al ń fi àtẹ yìí ṣe. Ó fẹ́ pín odidi gbólóhùn áljẹ́brà kan sí ọ̀nà òmíràn, bí a ti ń pín nọ́ńbà. Nígbà tí ó fi 6x² + 12 pín 20x² + 30x, ó rí i pé pínpín náà kò tán nígbà tí ó dé òdo. Èsì rẹ̀ rékọjá sí apá àwọn ìdá: lẹ́yìn 10/3 ni 5 tí a pín sí ọ̀nà x, lẹ́yìn èyí ni ìyọkúrò 20/3 tí a pín sí ọ̀nà x², ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí apá kejì àtẹ náà, iṣẹ́ ì bá dúró síbẹ̀.

Ìwé tí a kò tẹ̀

Ní ọdún 1484, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, Nicolas Chuquet parí ìwé kan tí ó pè ní Triparty en la science des nombres. Ó kọ atọ́ka sí èjìká nọ́ńbà, ó fi òdo ṣe atọ́ka láìbẹ̀rù, ó sì fi àmì tí ó dúró fún ìyọkúrò sí ara atọ́ka òdì. Nínú ìwé náà ni a ti rí i pé bí a bá fi ohun tí àwa ń kọ báyìí ní 8x³ pín 72x, èsì rẹ̀ ni 9x⁻². Ó pín 72 sí ọ̀nà 8, ó yọ 3 kúrò nínú 1, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Kò wá àwáwí kankan.

Ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ ni ìwé náà. A kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1880, nǹkan bí irínwó ọdún lẹ́yìn tí a kọ ọ́. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tí ó tún ọ̀rọ̀ yìí gbé yẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn kò rí iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún àwa tí a wà ní yunifásítì. Ìmọ̀ tí a kọ, tí a sì fi sínú àpótí, yóò ní kí ẹlòmíràn tún wá ṣe làálàá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó tún ṣe é ní ilẹ̀ Jámánì ni Michael Stifel. Ìwé rẹ̀, Arithmetica integra, jáde ní ìlú Nuremberg ní ọdún 1544. Ó to nọ́ńbà láti −3 títí dé 6 sí òkè, ó sì to iye láti 1/8 títí dé 64 sí ìsàlẹ̀ wọn. Ó fi hàn pé àròpọ̀ ní ìlà òkè bá ìsọdipúpọ̀ mu ní ìlà ìsàlẹ̀: −3 àti 5 tí a rò pọ̀ jẹ́ 2 lókè, 1/8 lọ́nà 32 jẹ́ 4 nísàlẹ̀, abẹ́ 2 gan-an ni 4 yìí sì wà. Stifel yìí náà ni ó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ Látìn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Faransé fi ń pe atọ́ka títí di òní. Síbẹ̀, ẹni kan náà yìí ń pe àwọn nọ́ńbà òdì ní nọ́ńbà tí kò bọ́gbọ́n mu. Ó lò wọ́n, ó rí i pé wọ́n ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà wọ́n tán. Èrò tèmi ni pé níbí ni a ti lè rí ìdí tí ọ̀nà náà fi gùn tó bẹ́ẹ̀: ojú tí a fi ń wo gbèsè ni a fi ń wo àmì ìyọkúrò, níbikíbi tí a bá ti rí i.

Wallis àti Newton

Ní ọdún 1637, Descartes tẹ ìwé La Géométrie jáde. Nínú rẹ̀ ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ atọ́ka lónìí, bíi x³ àti x⁴, ti di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ṣùgbọ́n kìkì odidi nọ́ńbà tí ó ju òdo lọ ni Descartes fi ṣe atọ́ka.

John Wallis, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé e kọjá ibẹ̀ nínú Arithmetica Infinitorum ti ọdún 1656. Ó sọ ní gbangba pé −1 ni atọ́ka 1/x, pé −2 ni ti 1/x², pé àròpọ̀ àti ìyọkúrò tí ó wà fún àwọn atọ́ka yòókù sì wà fún àwọn wọ̀nyí náà. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ìgboyà rẹ̀ tún mú un ṣìnà díẹ̀. Ó ní òfin kan tí ó fi ń wọn bí ojú ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìlà títẹ̀ ti fẹ̀ tó: kí a fi 1 kún atọ́ka, kí a sì fi ohun tí a bá rí pín 1. Nígbà tí atọ́ka jẹ́ −2, òfin náà fún un ní 1 tí a pín sí ọ̀nà −1. Wallis sọ pé èyí túmọ̀ sí ohun tí ó tóbi ju àìlópin lọ. Lónìí, a mọ̀ pé òfin náà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ó ṣe lò ó. Ẹni tí ó bá mú òfin rékọjá ààlà gbọ́dọ̀ tún yẹ ẹsẹ̀ òfin náà wò ní ìhà kejì. Òfin atọ́ka la ìdánwò yẹn já. Òfin ojú ilẹ̀ kò là á já bẹ́ẹ̀.

Newton ka ìwé Wallis nígbà èwe rẹ̀. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1676 sí Henry Oldenburg, kí ó lè fi í ránṣẹ́ sí Leibniz, ó ṣàlàyé pé gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ áljẹ́brà ti ń kọ a² àti a³, bẹ́ẹ̀ ni òun ń kọ a⁻¹, a⁻² àti a⁻³ dípò 1/a, 1/a² àti 1/a³. Ìdí pàtàkì wà tí ó fi ṣe èyí. Ó ní òfin kan fún títú 1 + x palẹ̀ nígbà tí ó bá ní atọ́ka. Nígbà tí ó gbà kí atọ́ka náà jẹ́ −1, òfin kan náà ni ó fún un ní 1 − x + x² − x³, tí ó ń lọ láìlópin, èsì kan náà tí pínpín 1 sí ọ̀nà 1 + x yóò fún wa. Iṣẹ́ méjì tí a ti rò pé wọ́n yàtọ̀ wá di ọ̀kan ṣoṣo.

Bí a ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀

Bí ìtàn bá ti yé wa, ìṣirò náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣòro mọ́. Àmì ìyọkúrò lára atọ́ka kò sọ pé kí ìdáhùn jẹ́ òdì. Ó ń sọ pé apá ibi pípín ni a kọjú sí, kì í ṣe apá ìsọdipúpọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, kí ẹ sì fi ìpìlẹ̀ pín in ní iye ìgbà tí atọ́ka sọ. Fún 5⁻², a ó fi 5 pín 1, a ó tún fi 5 pín èsì rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 1/25, ni a óò rí.

Bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ ìdá, kí a yí i po. Fífi 2/3 pín nǹkan dọ́gba pẹ̀lú fífi 3/2 sọ ọ́ di púpọ̀. Nítorí náà (2/3)⁻² jẹ́ (3/2)², èyí tí í ṣe 9/4. Níhìn-ín ni a ti rí i pé atọ́ka òdì kò sọ pé kí ìdáhùn kéré dandan.

Bí ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ bá jẹ́ òdì, ìdáhùn lè jẹ́ òdì, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ni ó fà á. (−2)⁻³ jẹ́ −1/8, nítorí pé −2 mẹ́ta tí a fi ṣe ìsọdipúpọ̀ jẹ́ −8. (−2)⁻² sì jẹ́ 1/4.

Kí a sì ṣọ́ra fún 3x⁻². Ara x nìkan ni atọ́ka wà, kò kan 3. Nítorí náà, 3 tí a pín sí ọ̀nà x² ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí 3 náà bọ́ sí ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àkámọ́ yí méjèèjì ká.

Ní ìkẹyìn, òdo kò lè ní atọ́ka òdì, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi òdo pín 1.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni àǹfààní gbogbo èyí fún ẹni tí kò ní di onímọ̀ ìṣirò. Ìdáhùn mi ni pé atọ́ka òdì ni èdè tí gbogbo ayé fi ń sọ ohun tí ó kéré. Mílígíráàmù jẹ́ 10⁻³ gíráàmù. Máíkrógíráàmù jẹ́ 10⁻⁶. Oníṣègùn tí ó bá fi ọ̀kan pe èkejì ti fi ẹgbẹ̀rún ọ̀nà ṣi ìwọ̀n oògùn. Ní ọdún 2022, àjọ tí ń bójú tó ìwọ̀n láàárín àwọn orílẹ̀-èdè fi orúkọ tuntun fún ìwọ̀n tí ó kéré dé 10⁻³⁰. Àtẹ tí al-Samaw'al tẹ́ ń gùn síwájú títí di ìsinsìnyí, apá tí ó kọ lẹ́yìn òdo ni a sì ń tọ̀ lọ.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí bí àwa náà ṣe ń kà. Nígbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni al-Samaw'al, kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí tí ó rò pé ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ gbèsè, bẹ́ẹ̀ "dín" wà láàárín ọ̀rọ̀ náà gedegbe. Gbogbo wa mọ̀ pé "dín" ń sọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà àti ìhà tí a kọjú sí: láti orí ogún, kí a fi ẹsẹ̀ kan padà sẹ́yìn. N kò sọ pé àwọn baba wa fi èyí mọ atọ́ka òdì. Ìyọkúrò ni tiwọn, pínpín sì ni ti atọ́ka. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tí ó ti ń ka mẹ́rìndínlógún láti kékeré kò yẹ kí ó bẹ̀rù àmì tí ń sọ fún un pé kí ó padà sẹ́yìn. Kí olùkọ́ tí ó bá kọ 2⁻³ sí ojú pátákó lọ́la má ṣe kọ ìdáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kíákíá. Kí ó kọ 8, 4, 2, 1 sílẹ̀, kí ó sì bi àwọn ọmọ pé èwo ni ó kàn.